Láísẹ́ńsì Olúṣèyí

Olúṣèyí ti ń tú àjà asbestos ní Atlanta látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, láìní láísẹ́ńsì. Ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà kò bìkítà: kò sí ìbòmú, kò sí ibi ìwẹ̀. Tó bá dé ilé ní Fairburn, eruku àjà yóò ti sọ ọ́ di funfun bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́ láfún. Eunice ìyàwó rẹ̀ á gba aṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà, á gbọ̀n ọ́n, á sì fọwọ́ fọ̀ ọ́.

Nígbà tí ọ̀gá náà kógbá sílé, ilé-iṣẹ́ kan ní Union City fẹ́ gbà á, àmọ́ wọ́n ní àfi kó gba láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀. Ó lọ sí kíláàsì. Olùkọ́ ka òfin fún wọn: ìbòmú, ìwẹ̀, aṣọ iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ délé. Lẹ́yìn náà ló sọ bí eruku yẹn ṣe ń sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jí. Olúṣèyí ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó ń ronú nípa Gabriel àti Roqeeb, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti sin.

Ó yege ìdánwò. Ó wá ku dókítà, tí yóò ya àwòrán àyà rẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ó sọ fún Eunice. "Mo mọ ohun tí wọ́n máa rí."

"Daddy Tèmi, ẹ dìde jàre. Mo ń bá yín lọ."

Eunice ló wakọ̀. Bí wọ́n ṣe ń rìn láti parking lot, Eunice dúró, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Bàtà yìí ló ń yọ mí lẹ́nu."

Olúṣèyí ò wo bàtà. Ó ń sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n sin òun sí.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," Eunice ní, ó sì tún dúró.

Dókítà wo àwòrán náà títí. "Àyà yín mọ́ tónítóní, sà. Ẹ lè lọ gba láísẹ́ńsì yín."

Olúṣèyí bú sẹ́kún. Eunice dìde láti dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ikọ́ dá a jókòó padà. Dókítà wò ó fúngbà díẹ̀, ó sì ní kí òun náà wá síbi ẹ̀rọ.

Ohun tí Olúṣèyí ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ kíláàsì ni wọ́n bá nínú àyà Eunice, ẹni tí kò tú àjà kankan rí láyé rẹ̀.