Àgbọn Ẹ̀yìn Ilé Ẹṣin

Láti ọjọ́ tí Afọlábí ti dé láti ìlú òyìnbó, kò sí ohun tó wù ú rí mọ́ ní Ẹdẹ. Lọ́hùn-ún, wọ́n mú un lọ wo ilé ọlọ́lá àtijọ́ kan. Ilé ẹṣin ibẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ ẹlòmíràn lọ, odi bíríkì yí ọgbà rẹ̀ ká, àwọn èèyàn sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà láti wo ibi tí ẹṣin ń sùn. Ó wá rántí pé ilé tiwọn náà ní gbogbo rẹ̀, ó sì pinnu pé àlejò yóò máa wá wo tiwọn náà. Bàbá rẹ̀ àgbà, Ọládipúpọ̀, oníṣòwò kòkó, ló kọ́ ọ bí òyìnbó ṣe ń kọ́lé: ilé ìdáná lọ́tọ̀, ilé ẹṣin lẹ́yìn, ọgbà olódi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn ẹṣin ti kú tipẹ́, Sàídì ló wá ń gbé níbùsùn wọn. Bàbá Sàídì ló tọ́jú ẹṣin wọ̀nyẹn láyé ijọ́sí. Sàídì ju Afọlábí lọ, ṣùgbọ́n lójú Afọlábí, ọmọ ilé ẹṣin kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni.

"Wá ibòmíràn lọ. Àlejò ò ní í ti òkèèrè wá wo ìkòkò ọbẹ̀ rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ nilé, sà," ni Sàídì dáhùn. "Àmọ́ ibí ni wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́. Àgbọn tí wọ́n gbìn lé e lórí nìyẹn."

Igi àgbọn méjì ló wà níbẹ̀.

"Èkejì ńkọ́?"

"Ìyá mi ò sọ ẹni tó ni ín kí wọ́n tó kú. Wọ́n kàn ní kí n máa bomi rin ín."

Afọlábí bú sẹ́rìn-ín. Igi tí ò lólúwa, lẹ́yìn ilé tí ò lẹ́ṣin!

Màmá Àrínọlá, ìyá Afọlábí, gbọ́, inú rẹ̀ ò dùn. Afọlábí nìkan ni ọmọ tó rí gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àdúà, kì í sì í fẹ́ bá a jà. Ó gbé omi àgbọn fún un, bó ti máa ń ṣe nígbàkigbà tó bá wálé.

"Fi Sàídì sílẹ̀. Ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹ̀ ní í bá."

"Màmá, kì í ṣe ará ilé wa." Ó mu omi náà tán, ó ní ó ń rùn bí ìgbẹ́ ẹṣin.

Nígbà tí ẹbí pé jọ, Afọlábí dìde láàárín wọn.

"Inú ọgbà ni wọ́n ń ri ìwọ́ ọmọ ilé yìí sí. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kó kẹ́rù rẹ̀."

Àwọn àgbà mi orí sí i pé òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà ilé wọn rí.

"Ṣé ó ti dòfin nìyẹn?" Màmá Àrínọlá bi í.

"Ó ti dòfin, Màmá."

"Kò burú. Gbogbo yín ṣáà gbọ́."

Lọ́jọ́ tí Sàídì ń kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́, tí yóò gba ọ̀nà ìlú Sekona lọ, Afọlábí wà nínú ọgbà pẹ̀lú òòlù, ìṣó àti àwọn pátákó tó kọ orúkọ sí. Ó kan ti bàbá rẹ̀ mọ́ àgbọn tirẹ̀, ó kan ti àwọn àbúrò bàbá rẹ̀. Ó yí ọgbà po títí, kò rí igi tí yóò kan tirẹ̀ mọ́. Ó pe ìyá rẹ̀ kó wá fi hàn án.

Màmá Àrínọlá mú ọ̀pá rẹ̀. Ó kọjá ẹnu ọgbà, kò yà. Ó lọ tààrà sẹ́yìn ilé ẹṣin, Afọlábí ń tẹ̀ lé e, ó ń ráhùn pé arúgbó ti ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀. Màmá dúró, ó gbé ọwọ́ lé igi kejì.

"Kan tìrẹ mọ́ eléyìí, Afọlábí, kí o sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ, kó fàyè sílẹ̀ fún ẹrù tìrẹ nínú kẹ̀kẹ́ yẹn."