Ìlà Kan Péré Nínú Fáìlì Gbogbogbò

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ọwọ́ yín máa ń yá ju ojú yín lọ.

1. Ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan. Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ mọ́kànlá ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ àṣẹ sínú fáìlì, kọ̀ǹpútà kan á sì máa mú un ṣẹ lára àwọn ẹ̀rọ náà, láti orí èkíní dé orí ìkẹyìn. Ìyá Ìbejì, ọ̀gá Kíámọ́sá, ló kọ fáìlì kan tí gbogbo ẹ̀rọ náà jọ ń lò, kí wọ́n má baà máa kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

2. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ kẹta tí wọ́n fi ń dánra wò kún dé ẹnu. Kíámọ́sá ṣí fáìlì gbogbogbò yẹn, ó fi ìlà kan kún un: kí ẹ̀rọ pa àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ rẹ́.

Ìyá Ìbejì ń kọjá lọ. "Ṣé o ti wo àwọn ẹ̀rọ tó ń lo fáìlì yẹn?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ìlà kan péré ni."

Ó tẹ bọ́tìnì.

3. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Nọ́ọ̀sì kan ni. "Ẹ gbà wá o! A ti gbé aboyún kan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pòórá lójú kọ̀ǹpútà!"

Kíámọ́sá wo ojú ẹ̀rọ. Mẹ́fà ti ṣófo. Ìkọkànlá ni wọ́n kó ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ sí, àṣẹ náà sì ń rìn lọ bá a. Ọkàn kan ní kó dákẹ́, kó ní iná mànàmáná ló fà á. Ìkeje lọ. Ìkẹjọ tẹ̀ lé e. Ó fò dìde.

"Mọ́mì, ẹ sáré wá! Èmi ni mo fà á!"

Ìyá Ìbejì sáré wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ yọ. Orí ìkẹwàá ni àṣẹ náà ti dé.

"Ṣí ìkọkànlá."

Kíámọ́sá sáré lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ó ṣí i. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀ digbí! Wọ́n ka èsì aboyún náà fún nọ́ọ̀sì lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì dá ti àwọn yòókù padà kí ọjọ́ tó rọ̀.

4. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì tún pè. "Obìnrin ló bí. Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni."

Kíámọ́sá jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Dìde, jàre," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ká ní o tún dákẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹkún la ò bá máa sun."

Ó dìde, ó yọ ìlà yẹn kúrò, ó kọ ọ́ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ kẹta nìkan. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo fáìlì gbogbogbò sí òkè rẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, má fọwọ́ kàn án láìwo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sì ti bàjẹ́, tètè ké gbàjarè. Ìtìjú kì í tún nǹkan ṣe. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.