Aṣọ Kejìlá

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé ní láti sá aṣọ méjìlá tí ìjọba pín fún wọn, kí wolé-wolé lè yẹ̀ wọ́n wò. Aṣọ náà ló rọ́pò ọ̀rá, tíṣù àti páńpásì. Èèyàn á lò ó, á fọ̀ ọ́, á tún lò ó. Ilé tí ẹyọ kan bá sọnù lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ti ẹ̀rọ omi wọn pa.

Mọ́kànlá ló wà lórí okùn Ìbídùn. Wolé-wolé dé, ó kà wọ́n tán.

"Ìyá, ìkejìlá dà? Àbí ewúrẹ́ ti fi ṣe oúnjẹ àárọ̀?"

"Rárá o, ọ̀gá. Ó wà lára màmá mi."

"Ara wọn ò tíì yá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ẹ jẹ́ n wọlé kí wọn."

"Wọ́n... wọ́n ń sùn ni."

Irọ́ kọ́ o. Láti ìdájí Ọjọ́ Ajé ni màmá ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, nínú èyí tó fẹ̀ jù nínú aṣọ méjìlá náà. Òfin ní kí wọ́n máa sin òkú láìfi aṣọ wé e, nítorí aṣọ tó bá wọlẹ̀ kò ṣeé fọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni yóò sin ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò?

"Kò burú. Nígbà wo ni wọ́n máa lò ó tán?"

 Ìbídùn ń bẹ ojú ara rẹ̀ pé kó má wo ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, àmọ́ ojú ò gbọ́. Wolé-wolé bá ojú rẹ̀ lọ, ó sì rí ilẹ̀ tó ṣì wú.

Ó ṣí fìlà.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ìyá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọkọ́ yín dà? Ẹ jẹ́ n bá yín mú ilẹ̀ yẹn tẹ́jú kí ẹlòmíì tó rí i."