Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán sí Òkú

Ìyá elépo fi ìka méjì fún imú pọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè yí padà, ó wá fi fóònù aládùúgbò pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ ní Ìbàdàn.

"Lùkmọ́nù, ìyá rẹ ti ṣaláìsí láàárọ̀ yìí. Tètè máa bọ̀ l'Ẹ́dẹ."

Láti ìgbà tí dókítà ti ní jẹjẹrẹ tó ń ṣe é ti kọjá oògùn, ọmọ kankan ò wá wò ó. Lùkmọ́nù àti àbúrò rẹ̀ ń jà lórí ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, kò sí èyí tó fẹ́ bá èkejì pàdé lọ́dọ̀ ìyá. Ìyá wá rò pé òkú nìkan ló lè kó wọn jọ, ó sì ti se ìrẹsì dè wọ́n.

Lùkmọ́nù sunkún díẹ̀. "Àbúrò mi ńkọ́?"

"Ó ti wà lọ́nà."

"Ẹ máa sin wọ́n lọ, mà. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Màá wá fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún òkú ìyá mi kí wọ́n má bínú."

"Màá sọ fún wọn."

Ìyá bu ìrẹsì sáwo kan ṣoṣo, ó jókòó síwájú dígí, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà: "Ọmọ rẹ ní kí o má bínú."

Ó wá tẹjú mọ́ dígí, ó ń retí èsì.