Àwòrán Tó Wà Nínú Òkùnkùn

Ìyá Seo-yun tó ń ta wáyà lọ́jà Yongsan ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi.

Màmá arúgbó kan sáré gbé kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ dé ìsọ̀ atúnṣe. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú. Ọmọ náà ti kú lọ́jọ́ tó ṣáájú, wọ́n sì ń dúró de àwòrán rẹ̀ tí wọ́n máa gbé síwájú òkú.

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Iná tó wà lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ nìkan ló lọ."

"Àwòrán ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀. Ẹ wò ó."

Atúnṣe tan tọ́ọ̀ṣì sójú gíláàsì. Ojú ènìyàn kan yọ fírífírí.

"Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn!"

Atúnṣe tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ iná tó jó, ó sì tàn án. Ojú gíláàsì mọ́lẹ̀ kedere. Màmá fúnra rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nínú hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, tí ọmọ ní kó wọ̀, nígbà tí ọmọ náà ń ya àwòrán ìsìnkú màmá sílẹ̀ dè é, bí àwọn àgbà ìlú wọn ti ń ṣe kí ẹ̀mí wọn lè gùn.

"Háà, ẹ̀yin mà nìyí, Màmá! Ṣé kí n wá tọmọ yín?"

"Òun ló máa ń yà wá. Ta ló yà á rí?"

Màmá dìde, ó jáde, kò bojú wẹ̀yìn.