Bí Mùkáílà Ṣe Sá fún Àpólò

Ní ìparí ọdún 1969, Àpólò wọ Èjìgbò. Àìsàn ojú ni. Ọdún náà ni àwọn òyìnbó gun òṣùpá lọ, orúkọ ọkọ̀ wọn ni àwọn ènìyàn sì fi pe àìsàn náà. Bí ó bá mú ènìyàn, ojú rẹ̀ á pọ́n, á wú, omi á máa dà níbẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti lọ. Kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló gbà pé bí o bá ti wo ojú ẹni tí ó ń ṣe, ó ti ràn ọ́ nìyẹn.

Àkókò yìí gan-an ni Mùkáílà dé láti Àbíjáǹ wá gbé ìyàwó. Nímọ́tà, ọmọ Sàlàkọ́ ará Ìsúndunrin, ló fẹ́ fẹ́. Yàkúbù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéú, ni alárenà wọn. Àbíjáǹ ni Mùkáílà ti ń fi nǹkan ìdána ránṣẹ́, nítorí náà òun àti àna rẹ̀ kò tíì fojú kan ara wọn rí. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ ìyàwó ń wá, pé kí ojú òun funfun lọ́jọ́ náà. Ó ní bí òun bá fi ojú pípọ́n jókòó níwájú àwọn àna òun, òun ti di ẹni ẹ̀sín nìyẹn.

Ó ra awò ojú dúdú. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ló ti ń wọ̀ ọ́, kì í sì í bọ́ ọ nínú ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbogbo fèrèsé pa. Bí wọ́n bá kí i, ògiri ló ń kọjú sí láti dáhùn. Bí ó bá ń lọ sẹ́yìnkùlé, á doríkodò, á gbé ọwọ́ lé èjìká Bàrákátù, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún un, ìyẹn á sì máa lọ níwájú, á máa lé àwọn ènìyàn kúrò lọ́nà.

Ojú nìkan ni ọlọ́gbọ́n yìí ń ṣọ́. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń bọ̀ lọ́wọ́. Ife kan náà tí gbogbo agbo ilé fi ń mumi lòun náà fi ń mu. Ó ní ọmọ ọwọ́ ló ń sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fìnkìn mú un. Ibà tẹ̀ lé e. Ibà kò tíì lọ tán tí ìgbẹ́ ọ̀rìn fi dé. Nígbàkigbà tí ọ̀kan bá dé, á ní kí wọ́n gbé dígí wá, á gbé awò sókè díẹ̀, á rí i pé ojú òun funfun, á ní, “Àlùhámúdùlíláì.”

“Mùkáílà, ibà fẹ́ pa ọ́, ojú lò ń wò,” ni Bàrákátù wí.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, Ìyá. Ibà kì í hàn lójú ọkọ ìyàwó.”

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o.”

Ó fi àáké kọ́rí.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, Sàlàkọ́ gbọ́ pé ara àna òun kò yá, ó sì wá kí i. Mùkáílà dọ̀bálẹ̀ síhà òpó. Bàrákátù fà á lápá, ó yí i síhà ibi tí àlejò wà. Sàlàkọ́ gbé obì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Yàrá ṣókùnkùn, awò dúdú. Mùkáílà wá obì náà lórí ẹní fún ìgbà díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bà á.

“Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ?” ni Sàlàkọ́ bi í.

“Mo ń jẹ ẹ́, Bàbá. Ìyá ló ń fi sí mi lọ́wọ́.”

Sàlàkọ́ wò ó pẹ́. Ó ṣe àdúrà gígùn fún un, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Kò mu omi tán tí ó fi dìde. Inú Mùkáílà dùn débi pé ó gbàgbé inú rírun. Ó ní òun kò tíì rí àna tó fẹ́ràn ènìyàn tó báyìí.

Ní ọjọ́rú, Yàkúbù dé ojú fèrèsé. Àpólò ti mú un, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

“Pàdọ́ǹ! Dúró síbẹ̀!” ni Mùkáílà pariwo.

“Àna rẹ ló rán mi sí ọ.”

“Iṣẹ́ tí Àpólò bá jẹ́, mi ò gbọ́. Bí ojú rẹ bá mọ́, kí o padà wá.”

Yàkúbù padà wá ní ọjọ́ Jímọ̀, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n. Mùkáílà ki ìka bọ etí, ó sì kìlọ̀ fún Bàrákátù kó má jáde sí i.

“Ó dáa,” ni Yàkúbù wí. “O mọ̀ pé mo wá.”

Ní ọjọ́ Àìkú, ojú Mùkáílà funfun bí òwú. Ó bọ́ awò dúdú náà, ó jù ú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ jálábíyà tuntun, ó ní kí Àpólò lọ wá ẹlòmíràn. Òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ wọ lọ́rì lọ sí Ìsúndunrin. Kí àwọn yòókù tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti fò bọ́ sílẹ̀, ó sì ti gba inú àwọn tó ń jẹun kọjá, ó dé ẹnu ọ̀nà àna rẹ̀. Sàlàkọ́ wo arẹwà ọkùnrin tó fojú kò ó lójú yìí, kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì fi ọ̀yàyà dì í lọ́wọ́ mú.

“Ẹ káàbọ̀, àlejò wa, ẹ wá bá wa jẹun,” ni ó wí, ó nawọ́ sí Nímọ́tà àti Yàkúbù tí wọ́n jókòó pọ̀ lórí ẹní, “a ti so yìgì wọn láàárọ̀, Àpólò ló ń ṣe ọkọ rẹ̀ yẹn, kò ní pẹ́ lọ, ó sàn ju afọ́jú ará Àbíjáǹ tí a fẹ́ fi í fún tẹ́lẹ̀.”