Orúkọ Tí Igi Orin Àtà Ń Béèrè

Láràárọ̀ ni Láníyọnu máa ń pọn Ṣijúwadé, ìyàwó rẹ̀, lọ sídìí igi orin àtà ìjọba, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kán oje igi náà sẹ́nu àwọn tí jẹjẹrẹ ń jẹ lẹ́nu. Ẹ̀rọ á bi Ṣijúwadé pé, "Ta ló mú yín wá?" Òun á fi orúkọ ọmọ wọn dáhùn pé, "Bàbá Ìbíwùmí." Oje á sì kán.

Lónìí, ẹ̀rọ kọ̀. "Òfin ti yí padà. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹni tó mú yín wá gan-an la fẹ́."

Láti ọgbọ̀n ọdún tí Ṣijúwadé ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Pẹ̀lú ahọ́n tó ń wọ́, ó ní, "Olówó orí mi ni."

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ lè dáhùn," ni ẹ̀rọ wí.

Láníyọnu kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. "Ṣijú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, pè é! Ta ni yóò bá ọ wí? Ṣé èmi tí mò ń bẹ̀bẹ̀ yìí ni?"

Ṣijúwadé dijú. Ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú ọ̀rọ̀ jáde.

"Láníyọnu."

Oje kán lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ ṣeun," ni ẹ̀rọ wí. "Ẹ tún wá pè é lọ́la."

Ṣijúwadé yíjú sí ọkọ rẹ̀ láti sọ nǹkan. Ètè rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kankan ò jáde mọ́.